Àjà-Ò-Lájà àti Ilé Kẹ̀kẹ́ Ojú Ọ̀run

Ẹ sún mọ́ra, ẹ ká ẹsẹ̀ yín kò. Ẹni tó bá máa wúkọ́, kó yáa wúkọ́ báyìí. Ìtàn baba ńlá tiwa gan-an ni mo fẹ́ sọ, nítorí náà ẹ rín ẹ̀rín yín dáadáa. Ara wa là ń fi ṣẹ̀sín, kò sẹ́ni tó máa bá wa bínú.

Nígbà tí gbogbo èèyàn ṣì ń gbé orí ilẹ̀, ọkùnrin kan wà tó ń ṣe táǹkì omi. Á tẹ irin róbótó, á jó o pọ̀, á kọ orúkọ ara rẹ̀ sára rẹ̀ gàdàgbà. Táǹkì rẹ̀ dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Tí ẹ bá bu omi sí i lónìí, ọmọ ọmọ yín á bá a níbẹ̀.

Àmọ́ àìsàn kan ń ṣe é tí kò sí oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn. Kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni wà lókè òun.

Bó bá wọ líìfù, nọ́ńbà tó kẹ́yìn ló máa tẹ̀, kódà kó jẹ́ àjà kejì ló ń lọ. Tó bá gòkè débẹ̀ tán, á wá fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, á ní kí àwọn tó ga jókòó sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ rẹ̀ gan-an, orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń gé irun fún un. Nítorí náà, ọdún mẹ́rìnlá ni abẹ kò kan àárín orí ọ̀gá. Ẹ̀gbẹ́ orí mọ́ tónítóní, àárín rẹ̀ sì dúró gogoro bí ìdì koríko. Fìlà ló fi ń bò ó.

Ó sọ ara rẹ̀ ní Àjà-Ò-Lájà, ìyẹn ni pé òun ni àjà tí kò ní àjà mìíràn lókè. Àwọn èèyàn wá ń fi kún un fún un:

"Àjà-Ò-Lájà! Gàgàrà má bẹ̀rẹ̀! Ọ̀pá tó lóun ò gbẹ́yẹ! Igi tó bínú nítorí òjò gba orí rẹ̀ rọ̀!"

Á mi orí. Ó rò pé oríkì ni.

Ibi tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Ilé alájà mẹ́ta ni baba wọn fi sílẹ̀. Baba ní kí ọmọ tó dàgbà jù gba òkè, kí àbúrò gba àárín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló dàgbà jù. Aránṣọ ni. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni ẹsẹ̀ obìnrin yìí wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ: kẹ-kẹ-kẹ-kẹ. Ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ yẹn gẹ́lẹ́ ni ibùsùn Àjà-Ò-Lájà wà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń tẹ̀ mí lórí."

"Ilẹ̀ ilé mi ni mò ń tẹ̀, àbúrò mi. Bí orí rẹ bá wà níbẹ̀, ta ló gbé e síbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ yàrá."

"Kò burú. Ọjọ́ tí o bá di ẹ̀gbọ́n mi, wá kan ilẹ̀kùn."

Bó ṣe kó kúrò nílé baba rẹ̀ nìyẹn. Ó kọ́ ilé alájà mẹ́rin. Oníṣègùn eyín tó wà lódìkejì kọ́ alájà márùn-ún. Ó kọ́ mẹ́fà. Oníṣègùn eyín kò kọ́lé mọ́, táǹkì omi ló ra, ó gbé e ka orí òrùlé. Nígbà tí Àjà-Ò-Lájà ṣí fèrèsé láàárọ̀, orúkọ ara rẹ̀ ló rí lára táǹkì náà, gàdàgbà, lókè orí rẹ̀. Ara rẹ̀ ti bọ́ sókè orí ara rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ó lọ kọ́lé sórí òkè gíga. Ó gbé àga síta, ó jókòó, ó ní, "Ó parí!" Ni ọkọ̀ òfuurufú bá gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹyẹ kan tẹ̀ lé e, ẹyẹ yẹn sì fi nǹkan sílẹ̀ fún un kó tó lọ.

Ìgbà yẹn ló ránṣẹ́ pe ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí. Ọmọ kan ṣoṣo tí aránṣọ ní nìyẹn, ayàwòrán-ilé ni, ó sì tún kàwé nípa àwọn nǹkan ojú ọ̀run.

"Ọmọ yìí, kí ló wà lókè gbogbo òkè?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Bàbá."

"Kọ́lé síbẹ̀ fún mi."

Ọmọ náà rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó gbé korobá tó wà ní àgbàlá, ó bu omi sí i dé ìdajì, ó di etí rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fì í yí po. Korobá ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, omi kò ta sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ wò ó. Lójú ọ̀run, nǹkan kì í ní ìwúwo, gbogbo rẹ̀ á máa léfòó ni. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́ ilé náà bíi kẹ̀kẹ́, ká máa yí i, kí ẹsẹ̀ èèyàn lè kanlẹ̀ bí omi yìí ṣe kanlẹ̀. Ìdí korobá ni ilẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn á máa gbé."

"Níbo wá ni òkè?"

"Ọwọ́ mi yìí, tó wà láàárín, ni òkè."

"Ọwọ́ yẹn ni kí o kọ́ yàrá mi sí!"

"Bàbá, ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀. Níbi ọwọ́ yìí, kò sí—"

"Ṣé ibẹ̀ ni òkè, àbí ibẹ̀ kọ́?"

"Ibẹ̀ ni, àmọ́—"

"Àmọ́ kì í gbé òkè. Ìsàlẹ̀ ni àmọ́ ń gbé."

Ọmọ náà gbé korobá sílẹ̀, ó lọ yàwòrán. Àgbàlagbà tó ní òun kò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ tó kù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi gbọ́ ọ.

Ó di ọjọ́ tí wọ́n pe ìpàdé sí àgbàlá ilé iṣẹ́ táǹkì. Orí àkàbà ni Àjà-Ò-Lájà ti bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, àwọn méjì sì di àkàbà mú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Kí ló dé tí ọmọ èèyàn fi ń kọ́ ilé ràgàjì sójú ọ̀run? Nítorí ìmọ̀ ni! Nítorí àwọn tí a kò tíì bí! Nítorí bí ilẹ̀ bá bàjẹ́ lọ́la, kí iná ọmọ èèyàn má bàa kú!"

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyá wa àti baba wa pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi pọ́n. Gbogbo wọn ní nítorí ìmọ̀ làwọn náà ṣe ń lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ìmọ̀ tó jẹ́ fún yín. Onígbàjámọ̀ ń lọ nítorí ó gbọ́ pé ìyá ìyàwó òun máa ń bẹ̀rù ibi gíga. Tíṣà kan ń lọ nítorí kò ní sí tíṣà mìíràn níbẹ̀, òun ló máa di ọ̀gá ilé ìwé láì dìtẹ̀. Oníṣègùn eyín ń lọ nítorí kò lè wà nílẹ̀ kí Àjà-Ò-Lájà wà lókè. Àwọn tọkọtaya kan ń lọ nítorí aládùúgbò wọn ti ní òun ò lọ. Aládùúgbò yẹn gbọ́, ó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀jẹ̀ àwọn yìí ló wà lára wa. Ẹ má wojú mi, ẹ wojú ara yín.

Aránṣọ tó jókòó níwájú gbé ọwọ́ sókè.

"Àbúrò mi, sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé kì í ṣe nítorí màṣíìnì mi?"

Àgbàlá rẹ́rìn-ín gbẹ̀ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ọmọ aráyé là ń sọ, ẹ̀yin ń sọ ti màṣíìnì!" Ó na ìka. "Èmi ni Olórí ilé yìí, òfin kan ṣoṣo ló sì ní. Ẹnikẹ́ni tí a bá rí lókè orí Olórí, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó padà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Gbogbo wọn tẹ ìka sí i. Ẹ̀yin tó mọ ojú ìjàkadì mọ ẹni tó fi òfin yẹn ń dúró dè. Ayàwòrán-ilé gbọ́dọ̀ máa gbé nínú kẹ̀kẹ́ náà kó lè máa tọ́jú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò sì ní ọmọ mìíràn. Bí aránṣọ bá ṣèèṣì gun àtẹ̀gùn kan péré jù, ilẹ̀ ló ń padà sí, ó dìgbóṣe, òun àti ọmọ ò tún ní fojú kan ara wọn mọ́.

"Níbo ni yàrá tèmi máa wà?" aránṣọ bi í.

"Ìdí korobá, ẹ̀gbọ́n mi. Ìsàlẹ̀ pátápátá."

Aránṣọ yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé ilẹ̀ wà níbẹ̀?"

"Ó wà, Màmá."

"Bí mo bá gbé ife kalẹ̀, ṣé á jókòó?"

"Á jókòó, Màmá."

"Ó tó mi."

Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ́ ọ. Táǹkì lórí táǹkì, táǹkì nínú táǹkì, títí ó fi di kẹ̀kẹ́ kan tí ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn yí i ká, á lo ọjọ́ méje gbáko. Wọ́n da ilẹ̀ sí i, wọ́n gbin koríko, odò kékeré kan ń ṣàn níbẹ̀. Láàárín gbùngbùn, níbi tí gbogbo ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ti pàdé, ni wọ́n kọ́ yàrá Olórí sí. Ó ní kí ògiri rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, kì í ṣe gíláàsì lásán, èyí tó ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́, kí gbogbo ayé lè máa rí òun gbàràmù bí òṣùpá. Ó ní kí wọ́n gbé gbohùngbohùn sí gbogbo òpópónà, kí ọ̀rọ̀ òun má bàa ṣòfò lójú ọ̀nà, kí èsì wọn náà lè máa gòkè wá bá òun. Ó ní kí wọ́n rọ àga irin fún òun. Ọkùnrin méjìlá ló gbé e wọ ọkọ̀, mẹ́ta nínú wọn ò tíì nàró títí dòní.

Wọ́n tún fi abala irin kan sí ẹnu ọ̀nà ńlá. Wọ́n kọ sí i lórí pé, ÌDÍ TÍ A FI KỌ́ ILÉ YÌÍ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo. Olórí fẹ́ fúnra rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ó ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ìmọ̀ wà nínú gbogbo rẹ̀.

Ó di ọjọ́ ìṣílé. Àwọn èèyàn kó sí ìdí korobá, wọ́n ń tẹ́ ibùsùn, wọ́n ń pín yàrá, wọ́n ti ń jà sí èyí tó kọjú sí odò. Àjà-Ò-Lájà wọ líìfù. Ó wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè gbàgẹ̀rẹ̀ kan tó lè bo agbo ewúrẹ́. Ó mú ife tíì dání. Ó tẹ nọ́ńbà tó kẹ́yìn.

Bí líìfù ti ń gòkè ni ara rẹ̀ ń fúyẹ́. Orúnkún tó ti ń dùn ún láti ọdún mélòó kan kò dùn ún mọ́. Ikùn rẹ̀ gbéra kúrò lórí bẹ́líìtì. Ó fẹ̀rín sẹ́nu. Ó ní, "Báyìí ni iyì ṣe máa ń ṣe èèyàn."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú bí ẹni ńlá. Ẹsẹ̀ náà kò bọ̀ sílẹ̀ mọ́.

Ó fò wọnú yàrá lọ jẹ́jẹ́ bí òwú, títí ó fi dé àárín gbùngbùn, ó sì dúró síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó ilẹ̀. Àga irin ọlọ́kùnrin méjìlá ń léfòó lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ewé. Tíì fi ife sílẹ̀, ó di róbótó róbótó, ó ń tẹ̀ lé e kiri. Fìlà ṣí lọ. Ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ gbéra láti ìsàlẹ̀, ó bò ó lójú, ó wá kù ṣòkòtò àwọ̀sínú tó ní àmì òdòdó pupa.

Gíláàsì sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ayé ń rí òdòdó, gbàràmù bí òṣùpá.

Nígbà tó gba ojú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀wù, ọ̀rọ̀ tó ti há sórí fún ọdún mẹ́sàn-án ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn ìsàlẹ̀! Lónìí, kò sí ẹnikẹ́ni lókè—"

Ó gbójú sókè. Orí èèyàn ló rí.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ lókè orí rẹ̀ gan-an, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Kẹ-kẹ-kẹ-kẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀yin lẹ tún wà lókè mi? Òfin! Ẹ dá obìnrin yẹn padà sílẹ̀!"

Aránṣọ dá ẹsẹ̀ dúró, ó wòkè. "Orí ilẹ̀ ni mo wà, àbúrò mi. Ìwọ lo dorí kodò."

Lóòótọ́, ó ń yí díẹ̀díẹ̀. Kó tó dáhùn, aránṣọ ti lọ sísàlẹ̀. Ó gbójú sókè tayọ̀tayọ̀. Onígbàjámọ̀ ló wà níbẹ̀.

"Ìwọ náà? Padà sílẹ̀!"

Ó yí. Tíṣà. "Padà sílẹ̀!" Ó yí. Oníṣègùn eyín ń juwọ́ sí i. "Padà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì!" Ó yí, ó yí, kò sí ibi tó kọjú sí tí orí èèyàn kò sí lókè rẹ̀. Gbogbo kẹ̀kẹ́ yí i ká, ìlú odindi ló wà lókè orí Àjà-Ò-Lájà.

"Gbogbo yín! Gbogbo yín, ẹ padà sílẹ̀!"

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, a gbọ́. Àmọ́ bí gbogbo wa bá lọ, ta lẹ máa wá wà lókè rẹ̀?"

Ó yanu, tíì róbótó kan wọ ibẹ̀.

"Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹ má yí mọ́, ẹ dúró bẹ́ẹ̀," ni onígbàjámọ̀ wí. "Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń gé irun yín, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àárín orí yín. Yéè! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wo igbó!"

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀.

Àjà-Ò-Lájà jan ẹsẹ̀, kò rí nǹkan jàn. Ó lúwẹ̀ẹ́, ojú kan náà ló wà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, òun nìkan ni kò lè wálẹ̀.

"Ọmọ mi... ayàwòrán mi... kí ni mo máa ṣe?"

"Bàbá, ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ korobá nìyẹn. Níbi ọwọ́, kò sí ìwúwo. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gòkè wá, kó ju nǹkan gígùn sí yín láti ẹnu ilẹ̀kùn, kó fà yín."

"Mo ní aṣọ," ni aránṣọ wí. Ó ti dìde. Odindi ìdì aṣọ funfun wà ní èjìká rẹ̀. "Ó gùn, kò lè já. Àmọ́ òfin wà níbẹ̀. Tí mo bá gun òkè yẹn, ilẹ̀ ni mò ń lọ, n kò tún ní rí ọmọ mi mọ́. Mo tẹ ìka sí i. Nítorí náà, màá kúkú jókòó sí ìsàlẹ̀ mi."

Ó jókòó lóòótọ́. Kẹ-kẹ-kẹ-kẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

Kẹ-kẹ-kẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti pa òfin rẹ́!"

"Màṣíìnì ń pariwo, n kò gbọ́."

"Mo ní mo ti pa á rẹ́! Ẹ máa gbé ibi tó bá wù yín, ẹ̀yin àtọmọ yín!"

"Kí ni o fẹ́ kí n ṣe? Sọ ọ́ kí gbogbo òpópónà gbọ́."

Àjà-Ò-Lájà yìí ni kò jẹ́ kí onígbàjámọ̀ nàró. Òun ni kò fẹ́ kí ẹyẹ pàápàá gba òkè òun kọjá.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí wẹ́rẹ́. "Ẹ gòkè wá."

Gbohùngbohùn gbà á, ó gbé e yí kẹ̀kẹ́ ká: ẹ gòkè wá, ẹ gòkè wá, ẹ gòkè wá.

Aránṣọ gòkè. Ó di irin ẹnu ilẹ̀kùn mú, ó ju aṣọ sí i. Àjà-Ò-Lájà gbá a mú pẹ̀lú ọwọ́ àti eyín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fà á bọ̀ bí ẹni ń fa ewúrẹ́ olóríkunkun lọ sílé. Nígbà tí líìfù dé ìsàlẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, tí orúnkún rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó dojú bolẹ̀, ó fẹnu ko ilẹ̀. Onígbàjámọ̀ ti dúró dè é. Orí ìdúró ló ti gé irun náà, tààrà láàárín.

Yàrá kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nígbà yẹn, nítorí wọ́n ti ń jà láti àárọ̀, wọ́n sì ti pín ìyókù tán. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni, ó wà nísàlẹ̀ yàrá aránṣọ. Ibẹ̀ ló ti bí àwọn tó bí wa, ibẹ̀ ló sì gbé títí ó fi darúgbó. Tí màṣíìnì bá dákẹ́ pẹ́ jù, á fi ọ̀pá kan àjà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí wàhálà?"

"Òwú ló já. Sùn."

Abala irin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Èyí tí Olórí kọ ní ìgbà kọkànlá kò wúlò mọ́. Ayàwòrán-ilé bi ìyá rẹ̀ pé kí ni kí òun kọ. Aránṣọ kò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ ọ̀rọ̀. Ohun tó ní kí ó kọ ṣì wà níbẹ̀ di òní:

ÌDÍ TÍ A FI KỌ́ ILÉ YÌÍ: ARIWO WÀ LÓKÈ ILÉ WA TẸ́LẸ̀.

Àlejò tó bá kà á á rẹ́rìn-ín. Àwa onílé á bá a rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà a ó wúkọ́.

Àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ kẹ̀kẹ́ mìíràn báyìí. Ó tóbi ju tiwa lọ nílọ́po mẹ́ta. A bi wọ́n léèrè ìdí, wọ́n ní nítorí ìmọ̀ ni, nítorí àwọn tí a kò tíì bí. A pàtẹ́wọ́ fún wọn. A kàn ní kí wọ́n jẹ́ ká rí abala irin ẹnu ọ̀nà wọn.

Ó ṣófo. Wọ́n ní àwọn ṣì ń kọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́.